Ta ló yẹ kó pinnu bóyá bọ́tìnnì ṣeé tẹ̀?

Òǹkàwé kan kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ń kọ ètò kan tí wọ́n á fi máa ṣe ìwé owó fún àwọn oníbàárà. Àṣẹ bí 20 ló wà nínú rẹ̀: fi pamọ́, pa rẹ́, tẹ̀ ẹ́ jáde, fọwọ́ sí i, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú mẹ́nù, ó wà lórí ọ̀wọ́ bọ́tìnnì tó wà lókè, ó sì ní ọ̀nà àbùjá lórí kíbọọ̀dù. Gbogbo ibi tí nǹkan bá ti yí padà ni mo ti ń kọ ọ́ pé kí bọ́tìnnì báyìí ṣí, kí tọ̀hún tì. Síbẹ̀, nígbà míì ‘Fi pamọ́’ á ṣá nígbà tó yẹ kó ṣeé tẹ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, èèyàn á tẹ ‘Pa rẹ́’ nígbà tí kò yan ohunkóhun, ètò á sì kú. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n kúkú gbé bọ́tìnnì tí kò ṣeé lò kúrò lójú pátápátá. Ẹlòmíì ní kí n má ti ìkankan, kí n kàn máa sọ fún èèyàn pé kò ṣeé ṣe. Èwo ni kí n ṣe?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tó ń dà yín láàmú kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni, wọ́n kàn lọ́ mọ́ra wọn ni. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ń kọ kóòdù: ta ló yẹ kó pinnu pé àṣẹ kan ṣeé lò báyìí, ibo sì ni ìpinnu náà yẹ kó wà? Èkejì jẹ́ ti ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà: bí àṣẹ kan kò bá ṣeé lò, kí ló yẹ kí ojú rẹ̀ rí? Orí ìkejì yìí ni ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ń jiyàn, inú ìkíní sì ni ohun tó ń pa ètò yín ti ń wá. Bó ṣe rí yìí, ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá. Ẹ gbé bọ́tìnnì kúrò lójú o, ẹ jẹ́ kó ṣá o, tí ìkíní kò bá tíì tò, ètò náà á ṣì máa kú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìyẹn ná.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ṣe lẹ ń wo ṣíṣí àti títì bí ohun tí èèyàn ń ṣe sí bọ́tìnnì: nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ẹ sáré lọ ti èyí, ẹ ṣí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò ló ní nǹkan bí Enabled (ó ṣí) tàbí disabled (ó tì) tí a lè kọ true (bẹ́ẹ̀ ni) tàbí false (bẹ́ẹ̀ kọ́) sí. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Bó bá ṣá tàbí bó bá tàn, ìdáhùn ni ìyẹn jẹ́ sí ìbéèrè kan: pẹ̀lú ipò tí ètò wà nísinsìnyí, ṣé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe? Bí ìbéèrè bá jẹ́ ẹyọ kan, ibì kan ṣoṣo ló yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ ti máa wá. Ẹ wo bí tiyín ṣe rí: àṣẹ 20, ojú 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 60. Ká ní ohun tó lè yí ipò ètò padà kò ju 15 lọ, 60 lọ́nà 15, ìyẹn ìpàdé 900, ló yẹ kí ẹ rántí láìfo ọ̀kan. Kò sí orí tó lè gbé e. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín lọ́la kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ‘Pa rẹ́’ yín, ká wò ó fínnífínní. Kí ìwé owó kan tó ṣeé pa rẹ́, nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ìlà kan wà tí èèyàn yàn nínú àkójọ, wọn ò tíì fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún, ẹni tó wọlé ní àyè láti pa nǹkan rẹ́, ètò kò sì sí lẹ́nu fífi nǹkan pamọ́ lọ́wọ́. Mi ò rí kóòdù yín, àmọ́ mo ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi jẹ́ pé ibi tí mo ti máa kọ́kọ́ wò rèé: nígbà tí fífi pamọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìlà kan wà tó sọ pé btnDelete.Enabled = false; nígbà tó bá parí, ìlà míì sọ pé btnDelete.Enabled = true. Ó jọ pé kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fífi pamọ́ ṣe ń parí lọ, ètò tún àkójọ kà látìbẹ̀rẹ̀, ìlà tí èèyàn ti yàn sì bọ́ dànù. Kóòdù tó ń ṣọ́ yíyàn rí i, ó sì ti bọ́tìnnì náà bó ṣe yẹ. Kó tó di ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà tó ń kéde pé fífi pamọ́ ti parí dé, ó sì ṣí i padà. Ìlà yẹn kò mọ nǹkan kan nípa yíyàn; ohun tó mọ̀ ni pé òun lòun tì í, òun ló sì yẹ kí òun ṣí i. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló borí. Bọ́tìnnì wá ń tàn yòò nígbà tí kò sí ìlà kankan tí wọ́n yàn, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, kóòdù nawọ́ mú ohun tí kò sí níbẹ̀, ètò kú. Irú èyí kì í sábà hàn nígbà tí ẹ bá ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tiyín, torí kíákíá ni fífi pamọ́ ń parí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń wọ́ ló ti ń jáde, ẹni yẹn náà kò sì ní lè ṣàlàyé ohun tó ṣe.

Ojútùú rẹ̀ ni pé kí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní function kan (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) tirẹ̀, ẹ lè pe ti ‘Pa rẹ́’ ní CanDelete, tó ń wo ipò ètò lásán, tó sì ń dáhùn. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì, kò gbọ́dọ̀ yí nǹkan kan padà. Gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ tó kù nínú ètò, yálà yíyàn ni o, fífi pamọ́ ni o, ẹlòmíì ló wọlé ni o, ohun kan ṣoṣo ló láǹfààní láti sọ: “ipò ti yí padà.” Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, kóòdù kan tó wà lójú kan á tún bi àṣẹ gbogbo léèrè, á sì kọ ìdáhùn wọn sára bọ́tìnnì, mẹ́nù àti ọ̀nà àbùjá. Láti ọjọ́ yẹn lọ, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni kọ Enabled síbòmíì. Fífi pamọ́ kò ní ti bọ́tìnnì kankan mọ́. Á kàn kọ ọ́ sínú ipò pé òun ń lọ lọ́wọ́, á sì yọ ọ́ kúrò nígbà tó bá parí, ìbáà parí ire, ìbáà forí ṣánpọ́n. Ẹ rí i pé yíyọ ọ́ kúrò wà nínú finally (apá kóòdù tó máa ń ṣiṣẹ́ yálà àṣìṣe ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀), tàbí ohun tó dúró fún un nínú èdè yín, torí bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ láàárín tí ìlà yẹn kò ṣiṣẹ́, gbogbo bọ́tìnnì á ṣá títí èèyàn á fi pa ètò tún un ṣí.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ nílé ayé. Ẹ wo bó ṣe rí nínú díẹ̀ lára àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò. MFC ti Microsoft ní ON_UPDATE_COMMAND_UI: bí èèyàn bá fẹ́ ṣí mẹ́nù, a ó kọ́kọ́ bi àṣẹ inú rẹ̀ léèrè, àwọn bọ́tìnnì tó wà lókè ni a ń bi nígbà tí ètò bá ráyè. Àṣẹ tí kò bá sì ní kóòdù kankan tó ń jẹ́ ẹ níbẹ̀, mẹ́nù á ti í fúnra rẹ̀. TAction inú Delphi ń lo OnUpdate bákan náà, Cocoa lórí Mac sì ní validateMenuItem. Java Swing àti Qt gba ọ̀nà míì: Action kan tàbí QAction kan ló wà fún iṣẹ́ kan, mẹ́nù àti bọ́tìnnì so mọ́ ọn, tí ẹ bá sì ti ti òun, gbogbo wọn á gbọ́. Ẹ lè pín gbogbo rẹ̀ sí ìdílé méjì. Nínú ọ̀kan, ojú ètò ló ń béèrè. Nínú èkejì, àṣẹ ló ń kéde. Èyí tó ń béèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ parọ́, ṣùgbọ́n ó ń béèrè léraléra, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ yá. Èyí tó ń kéde kì í yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbàgbé láti kéde lẹ́ẹ̀kan, irọ́ á máa wà lójú kọ̀ǹpútà. Èmi fúnra mi, bí àṣẹ kò bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, mo fẹ́ràn kí a tún bi gbogbo wọn léèrè ní gbogbo ìgbà. Àyẹ̀wò nǹkan mẹ́rin tó ti wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà kò ná ètò ní nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ WPF, irinṣẹ́ Microsoft fún ojú ètò Windows, lẹ fi ń kọ ọ́ (ẹ kò sọ), ibì kan wà níbẹ̀ tó ti rẹ ọ̀pọ̀ èèyàn. ICommand, tó dúró fún àṣẹ níbẹ̀, ní Execute tó ń ṣe iṣẹ́, ó ní CanExecute tó ń dáhùn bóyá ó ṣeé ṣe, ó sì ní CanExecuteChanged tó yẹ kó kéde. Ọ̀pọ̀ ló so CanExecuteChanged mọ́ CommandManager, òun sì máa ń tún béèrè bí èèyàn bá tẹ kíbọọ̀dù, bó bá tẹ máòsì, tàbí bó bá bọ́ sí àpótí míì. Bí iṣẹ́ kan bá wá parí lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan, kò ní béèrè. Bọ́tìnnì á ṣá kalẹ̀, ẹni tó ń lò ó á máa wò ó, àfi ìgbà tó bá tẹ ibi tí kò kan ohunkóhun, lójijì ni bọ́tìnnì á jí. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ pe CommandManager.InvalidateRequerySuggested láti orí thread (okùn iṣẹ́) tó ń ṣàkóso ojú ètò, tàbí kí ẹ kéde CanExecuteChanged fúnra yín. Ní ti Flutter àti React, irinṣẹ́ méjì míì fún ojú ètò, ojú ètò ń tún ara rẹ̀ yà láti inú ipò, ìyẹn sì sún mọ́ ohun tí mò ń sọ gan-an. Nínú Flutter, bí onPressed, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, bá jẹ́ null (òfo), bọ́tìnnì ti tì nìyẹn. Àmọ́ mo ṣì ń rí àwọn tó ń tọ́jú isDisabled sínú ipò bí ohun tó dá dúró. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú ìdí, kí ẹ ṣírò ìdáhùn.

‘Fi pamọ́’ tó ń ṣá nígbà tó yẹ kó ṣeé tẹ̀ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí tiẹ̀ ní ìdí ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ àpótí ìkọ̀wé kì í sọ pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ inú wọn padà àfi tí èèyàn bá kúrò nínú wọn. Bí TextBox ti WPF tí a so mọ́ dátà ṣe ń ṣe nìyẹn bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó ṣe é lọ́nà míì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìṣẹ̀lẹ̀ change nínú HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Ìṣẹ̀lẹ̀ input ló ń ké ní gbogbo ìgbà tí lẹ́tà kan bá wọlé. Ẹni tó ń lo ètò yín tẹ orúkọ oníbàárà, ó gbójú sókè, ‘Fi pamọ́’ ṣì ṣá, torí ètò kò tíì gbọ́ pé nǹkan kan yí padà. Ẹ lè tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkàn mi: mi ò rí ìdí tó fi yẹ kí ‘Fi pamọ́’ máa ṣá rárá torí pé nǹkan kan ò yí padà. Bí èèyàn bá fi ohun tí kò yí padà pamọ́, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọkàn àwọn èèyàn ló ń balẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó dìde. Àṣìṣe tó ń dènà àti fi iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta pamọ́ burú ju àǹfààní bọ́tìnnì tó ṣá lọ.

Ohun tó kù lápá ti kóòdù ni èyí tó lè pa ètò yín kódà lẹ́yìn tí gbogbo bọ́tìnnì bá ti tọ́. Bí ọ̀nà àbùjá orí kíbọọ̀dù bá ń pe function tó ń pa nǹkan rẹ́ ní tààrà, bọ́tìnnì tó ṣá kò dí i lọ́wọ́; ó fò ó dá. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ gba inú àṣẹ kan náà kọjá, àṣẹ náà sì gbọ́dọ̀ tún pe CanDelete lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ṣe ohunkóhun, torí láàárín ìgbà tí mẹ́nù ṣí àti ìgbà tí ìka kàn án, ẹlòmíì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ti fọwọ́ sí ìwé owó yẹn. Bí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń lo ètò) bá wà lẹ́yìn ètò yín, kí sáfà náà ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Bọ́tìnnì tó tì nínú bùráwúsà kì í ṣe àgádágodo: ẹnikẹ́ni tó bá ṣí irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò, èyí tó wà nínú bùráwúsà fúnra rẹ̀, lè yọ disabled kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáa kí ẹ ti bọ́tìnnì nígbà tí ìbéèrè bá wà lọ́nà, ṣùgbọ́n kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí sáfà á fi mọ̀ pé òun ti ṣe èyí.

Wàyí o, ìbéèrè kejì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín méjèèjì ló tọ̀nà níbì kan, kò sì sí èyí tó tọ̀nà níbi gbogbo. Bí èèyàn kò bá ní lè lo àṣẹ kan láé nítorí ipò rẹ̀, bí akọ̀wé tí kò ní àyè láti fọwọ́ sí ìwé owó, ẹ gbé e kúrò lójú. Ìdààmú lásán ni kó máa wo ohun tí kò kàn án. Bó bá jẹ́ ohun tó lè ṣe láìpẹ́, tí ìdí rẹ̀ sì hàn sí i, bí pé kò tíì yan ìlà kankan, ẹ jẹ́ kó ṣá síbi tó wà. Gbígbé e kúrò níbẹ̀ ní tirẹ̀ á mú kí mẹ́nù máa sún síwá sẹ́yìn, ọwọ́ tó ti mọ ibi tí ‘Pa rẹ́’ wà á sì lọ tẹ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ìdí náà bá fara sin, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kí ẹ má tì í ni mo wà. Fọ́ọ̀mù gígùn tí bọ́tìnnì ìparí rẹ̀ ṣá torí àpótí kan tó ti lọ sókè kúrò lójú, ìyà gidi ló jẹ́ fún ẹni tó ń kún un. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sọ ohun tó kù fún un, kí ẹ sì gbé e lọ síbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè méjèèjì ti pàdé, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ jù nìyí: ẹ má jẹ́ kí CanDelete dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán. Ẹ jẹ́ kó dá ìdí padà. Bí ìdí kò bá sí, àṣẹ ṣí, bó bá wà, gbólóhùn kan ló máa jẹ́: “Ẹ kò tíì yan ìwé owó kankan,” tàbí “Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé owó yìí.” Gbólóhùn kan náà lẹ máa fi hàn bí èèyàn bá gbé máòsì sórí bọ́tìnnì, òun lẹ máa sọ bí àyẹ̀wò kejì inú àṣẹ bá kọ̀, òun náà lẹ sì máa rí nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ kì í fi àlàyé hàn lórí bọ́tìnnì tó bá ti tì: WPF ń fẹ́ kí ẹ fi ToolTipService.ShowOnDisabled sí i, bọ́tìnnì tó ní disabled nínú HTML kì í jẹ́ títẹ̀, ẹni tó ń fi Tab rìn kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ríran, tó ń fi etí gbọ́ ojú kọ̀ǹpútà, lè má mọ̀ láé pé bọ́tìnnì wà níbẹ̀. aria-disabled, àmì tó kàn ń sọ pé bọ́tìnnì tì, á jẹ́ kó dé ibẹ̀ kó sì gbọ́ pé ó tì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa dènà iṣẹ́ náà fúnra yín, bùráwúsà kò ní bá yín ṣe é. Lórí Windows ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá ti bọ́tìnnì tí ojú kíbọọ̀dù (ibi tí ohun tí èèyàn ń tẹ̀ ń lọ) wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lè má dé ibì kankan mọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé ojú kíbọọ̀dù lọ síbòmíì. Ẹ sì ṣọ́ àpótí ìkọ̀wé nínú fọ́ọ̀mù HTML: èyí tó ní disabled kì í bá fọ́ọ̀mù lọ sí sáfà. Mo ti bá àwọn kan wá àdírẹ́sì tó ń sọnù, ẹnì kan ló ti ti àpótí rẹ̀ kí wọ́n má bàa yí i padà. readonly, tó ń jẹ́ kí a kà á láìyí i padà, ló yẹ kó lò.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìdáhùn bá wà lọ́dọ̀ ohun tó jìnnà, bóyá fáìlì ṣì wà lórí díìsìkì kan, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ṣe tán, ẹ má fi sínú CanPrint. Ẹ ó kàn máa dá ojú ètò dúró ni, ìdáhùn náà á sì ti gbó kó tó dé. Ẹ fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó gbìyànjú, bí kò bá ṣeé ṣe kó sọ ọ́ kedere. Bí ipò bá sì ń yí padà léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bọ́tìnnì á máa ṣẹ́jú. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún béèrè.

Ẹ má tún gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘Pa rẹ́’. Ẹ wá gbogbo ìlà tó ń kọ nǹkan sí Enabled rẹ̀, kí ẹ da ìdí tó wà láyìíká ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ sórí ìwé, kí ẹ sọ wọ́n di CanDelete, kí ẹ sì pa àwọn ìlà náà rẹ́. Torí pé kò sí bọ́tìnnì nínú rẹ̀, ẹ lè dán an wò láìṣí ojú ètò rárá: kò sí ìlà tí wọ́n yàn, kí ló wí? Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé owó ọ̀hún, kí ló wí? Nínú àwọn ìdí tí ẹ bá kọ sórí ìwé yẹn, ẹ lè rí méjì tó ta ko ara wọn, bí pé ibì kan gbà kí ọ̀gá pa ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí rẹ́, ibòmíì sì kọ̀. Ẹ má fi orí ara yín yan ọ̀kan. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣírò owó níbi iṣẹ́ yín, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n fẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá kọ ọ́.